Bí Bàbá Gbémi Ṣe Bá Òjìji Ara Rẹ̀ Gbá Gọ́ọ̀fù

Ní àdúgbò Ìdí-Ọsàn ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣóyẹmí, ṣùgbọ́n Bàbá Gbémi ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Awọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ kan ní àdúgbò náà tí kò tíì na okùn ìwọ̀n lé lórí. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá, ohun tó bá sì sọ ni abẹ gé. Ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, tí í ṣe Ìyá Gbémi, ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ sinimá. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tíì wọ́pọ̀, òun àti awakọ̀ kan ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń fi àwòrán kọ́ àwọn ará oko bí wọ́n ṣe lè tọ́jú omi mímu àti igi kòkó. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí a kò bá bi í, kì í sọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀, ohun tí Bàbá Gbémi tún fẹ́ràn láyé ni gọ́ọ̀fù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọ̀ṣínúbi, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nígbà kan rí, kì í pa Sátidé kankan jẹ. Wọn á gbé àpò ọ̀pá wọn kọ́ èjìká, wọn á máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré náà gba orí òkè àti àfonífojì títí yóò fi kó sínú ihò, wọn á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọmọ iléèwé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó borí lónìí, ìyẹn á gbẹ̀san ní Sátidé tó ń bọ̀.

Àfi ìgbà tí Bàbá Gbémi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n tò ó, ó jiná. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún un pé ó lè dúró kó fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, kò gbọ́dọ̀ tún rin pápá olókè náà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí Sátidé bá dé, yóò dé akẹtẹ̀ gọ́ọ̀fù rẹ̀, yóò jókòó síwájú ilé, yóò máa wo ọ̀nà. Bí Ọ̀ṣínúbi bá ti pápá dé tó yà kí i, kò ní béèrè bí eré ṣe lọ.

Ọmọ wọn, Gbémisọ́lá, tó ń gbé ní Kánádà, gbọ́ bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu ìyá rẹ̀. Kò pẹ́, ẹrù kan dé. Aṣọ funfun líle kan wà nínú rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kò lè fà ya, kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó rí bíi koríko, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó àti ibi tó kọrí sí. Bí èèyàn bá dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì náà tó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yóò ba aṣọ, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tó wà lára aṣọ náà, ẹ ó rí i tí yóò máa fò lọ lórí pápá gbalasa bí ẹni pé ìta gbangba ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn purojẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tí yóò tan àwòrán sára aṣọ. Gbémisọ́lá ní kí bàbá òun lọ yan èyí tó bá ilé wọn mu.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀ṣínúbi wá pẹ̀lú ojú tó wúwo.

"Ṣóyẹmí, ọmọ mi obìnrin ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Kàlàbá. Túsìdeé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Mi ò sì mọ ìgbà tí mo máa padà."

Bàbá Gbémi di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "O ò ní lọ kí o má bá mi gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Sátidé ni. Nínú gáréjì mi."

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Gbémi tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Gbémi, níbo ni iná náà máa wà? Níbo sì ni ẹ̀yin fúnra yín máa dúró?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá Gbémi, eléyìí kì í ṣe sinimá abúlé. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni."

Ìyá Gbémi wò ó, ó padà sídìí ẹ̀fọ́ tó ń já.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá Gbémi bi ọkùnrin tó ń tajà: èwo ni iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù? Ọkùnrin náà gbé ọ̀kan jáde tó tó àpótí aṣọ. Ó ní èyí tí àwọn ìjọ ńlá ń lò nìyẹn, pé bí wọ́n bá tàn án lọ́sàn-án gangan, èèyàn lè máa ka koríko inú àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tàn án sára ògiri. Àwòrán náà dán gbinrin. Bàbá Gbémi kan sáárá sí i.

"Dì í fún mi," ló wí.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yìí sún mọ́ aṣọ, àwòrán rẹ̀ kì í ju ìwé ìròyìn lọ. Ó ń fẹ́ àyè kó tó lè fẹjú. Ni wọ́n bá ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, títí ó fi kan ògiri ẹ̀yìn gáréjì, wọ́n sì gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù kan níbẹ̀. Nígbà náà ni àwòrán tó kún aṣọ dọ́gba. Bàbá Gbémi fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó, ó wo pápá aláwọ̀ ewé náà, ihò rẹ̀ àti àsíá pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó pa iná, ó lọ sùn. Kò dìde dúró síbi tó ti máa gbá bọ́ọ̀lù rárá.

Àárọ̀ Sátidé pé. Àwọn aládùúgbò gbé àga wá. Ọ̀ṣínúbi wọ ibọ̀sẹ̀ gígùn rẹ̀ tó ń wọ̀ lọ sí pápá. Bàbá Gbémi dé akẹtẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó gun orí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì kọjú sí aṣọ.

Wẹ́rẹ́ báyìí, ọkùnrin dúdú gbàǹgbà kan dìde nínú pápá. Orí rẹ̀ kan òkè aṣọ. Akẹtẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí òrùlé. Ó dúró sórí ihò àti àsíá, ó bò wọ́n pátápátá.

Bàbá Gbémi sún sí ọ̀tún. Ọkùnrin náà sún sí ọ̀tún. Ó sún sí òsì. Òun náà sún. Ó tẹrí ba, òjìji náà tẹrí ba bí ẹni ń kí ọba.

Ọ̀ṣínúbi pariwo. "Ṣóyẹmí! Èmi àti ìwọ la jọ dá ọjọ́. Ta lo tún lọ pè wá yìí?"

Gáréjì dàrú. Ẹ̀rín bẹ́ kalẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kí wọ́n fún àlejò dúdú náà ní àga. Bàbá Gbémi fi agídí gbá bọ́ọ̀lù náà, ó ba òjìji ní àyà, nígbà tí òjìji sì kúrò lójú àwòrán, wọ́n rí bọ́ọ̀lù náà nínú adágún omi. Ó tún gbá òmíràn, ìyẹn wọ inú igbó. Ó ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí, òjìji di apárí. Nígbà tó yá, inú bí i, ó na ọ̀pá sí òjìji náà pé kó yàgò. Òun náà na ọ̀pá padà sí i, tirẹ̀ sì gùn ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀ṣínúbi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Àfi ìgbà tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti jókòó, tó gbé ọ̀pá lé itan, tó dorí kodò. Ẹ̀rín náà wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé o," ni Bàbá Gbémi wí. "Ó ti tán. Ọ̀ṣínúbi, ọ̀nà á là o."

Ìyá Gbémi dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó rìn dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Bàbá Gbémi, ní ọdún kìíní tí mo wọ ọkọ̀ sinimá, a dé abúlé kan, Baálẹ̀ ní àfi kí wọ́n gbé àga òun sáàárín gbùngbùn, níwájú iná, nítorí ipò òun. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Gbogbo ìlú wá wo sinimá, òjìji fìlà Baálẹ̀ ni wọ́n wò relé. Ẹ ò ṣe ohun tí ọlọ́lá kò ṣe rí. Ẹ̀rọ yìí dára, àmọ́ ẹ̀yìn yín ni iná rẹ̀ wà; ilé ńlá ló yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀."

Bàbá Gbémi gbójú sókè. "Ìwọ mọ̀ ọ́n yàn?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Ó bọ́ sínú ilé, ó mú okùn ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ wá, èyí tí ó ti fi wọn ilẹ̀ gbogbo àdúgbò. Ó wọn fífẹ̀ aṣọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó wọn láti ara aṣọ dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó wọn gíga àjà. Ó wo fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan. Bàbá Gbémi ń wò ó, àwọn tó wà nítòsí sì rí i pé ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì tún ń dùn díẹ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Ọ̀ṣínúbi fi mọ́tò rẹ̀ gbé Ìyá Gbémi àti ẹ̀rọ ńlá náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń tajà gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún fẹ́ gbé òmíràn tó tóbi fún wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Gbémi fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ọmọ mi, mi ò bi ọ́ léèrè èyí tó tóbi. Èwo ló lè kún aṣọ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré?"

Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọ inú, ó mú ọ̀kan jáde tí kò ju páálí bàtà lọ. "Èyí wà, Màmá. Àmọ́ ó kéré, iná rẹ̀ kò sì tó ti ìyẹn."

"Fèrèsé kan ni gáréjì wa ní. Màá rán kọ́tìnnì dúdú sí i. Ṣé ó ṣe é so kọ́ àjà?"

"Ó ṣe é so."

"Tàn án, gbé e sókè kí n rí i."

Ọkùnrin náà gun àga, ó gbé ẹ̀rọ náà sókè, àwòrán sì kún ògiri. Ìyá Gbémi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró sí ibi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń wà, ó wé gèlè rẹ̀ le, ó fi ọwọ́ méjèèjì di agbòjò rẹ̀ mú, ó yí ìbàdí, ó sì fi agbòjò náà gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀. Ó yẹ ògiri wò. Òjìji kankan kò sí. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bóyá nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́.

"Èyí ni tiwa," ló wí.

Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, káfíńtà ti so ẹ̀rọ náà kọ́ àjà, díẹ̀ síwájú orí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi irin yí i ká kí bọ́ọ̀lù má baà fọ́ ọ. Ìyá Gbémi ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Bàbá Gbémi gun orí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wọ odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Ó sún sí ọ̀tún, ó sún sí òsì. Ó na ọ̀pá sókè. Pápá wà níbẹ̀ kedere, àsíá pupa ń fẹ́, kò sí àlejò kankan nínú rẹ̀.

"Ìyá Gbémi," ló wí, "mo wọn ilẹ̀ gbogbo àdúgbò yìí, mi ò wọn yàrá ara mi. Mo ní olùkọ́ nílé, mo ń wá a kiri ọjà. Má bínú."

"Ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín jàre," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Ọ̀ṣínúbi fi àmì kan ṣoṣo borí. Bàbá Gbémi, tó pàdánù, ló dì mọ́ ọn tó ń fò bí ìbàdí rẹ̀ ṣe gbà á láyè mọ, tó ń pariwo pé ojoóró ni, pé Ọ̀ṣínúbi kò ní lọ sí Kàlàbá láìjẹ́ pé wọ́n tún gbá a. Àwọn ará ilé kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. Ní òwúrọ̀ Túsìdeé, Ọ̀ṣínúbi wọkọ̀ lọ, ó ṣì ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi ìpàdé àwọn onílé, ọkùnrin kan dìde tó ń ráhùn pé ẹnì kan ń bá òun jà ládùúgbò, pé omi ń ya wọ ilé òun. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, odi tí òun fúnra rẹ̀ mọ dí ojú gọ́tà ló dá omi padà sí i. Ìyá àgbà tó ní kí wọ́n fún àlejò dúdú ní àga sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ilé ìpàdé sì bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Gbémi ló sì rín in jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu dé ẹnu, tó dé ọjà àti oko, tó fi di pé bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà tó tún ń wá ọ̀tá kiri, àwọn àgbà Ìdí-Ọsàn á wò ó, wọn á mi orí, wọn á ní: ẹni tó gbé fìtílà sẹ́yìn ara rẹ̀, òjìji ara rẹ̀ ni yóò máa bá jà.