Ògiri Tí Ẹ̀gbọ́n Forí Sọ

Kí Alhaja Sàlámọ́tù tó kírun ìrọ̀lẹ́ tán kó sì dé, ó di dandan kí Láoyè àti Tóún wá nǹkan ṣe sí àbúrò tó ń kú nínú géèmù wọn.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ní ìlú Òṣogbo. Láoyè ló mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù. Tóún, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Òun ló kan àpótí onípákó tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, òun náà ló ya àwòrán inú rẹ̀. Eré ìjà ni. Ẹni méjì ní í dúró síwájú àpótí náà. Ọ̀kan á di ẹ̀gbọ́n, ìkejì á di àbúrò, wọ́n á jọ máa lu àwọn jàgùdà tó jí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn gbé, títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí.

Alhaja ló ni gbọ̀ngán ìṣeré tó wà ládùúgbò wọn. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Bí géèmù yìí kò bá wù ú lónìí, tábìlì bọ́ọ̀lù ni yóò gbé síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún tó kọjá á sì di ohun tí eruku ń bà lé nínú yàrá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹ̀gbọ́n bá ti sáré síwájú, ojú ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e, àbúrò á kù sẹ́yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i mọ́, àwọn jàgùdà á sì lù ú pa.

"Kó yára ni," ni Láoyè wí. "Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú, àbúrò ló ń tẹ̀ lé e. Ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn."

"Bọ̀dá mi, ẹ bọ́ síbi àbúrò, kí n ṣe ẹ̀gbọ́n yín díẹ̀."

"Ìwọ? Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ lè máa pè mí ní àǹtí."

Láoyè rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síbẹ̀. Tóún kò dúró dè é rárá. Jàgùdà méjì há Láoyè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akóyanrìn kan, ojú ẹ̀rọ sì fi í sílẹ̀ lọ. Ó ń tẹ bọ́tìnnì, kò rí ara rẹ̀. Ìró ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló ń gbọ́.

"Tóún, níbo ni mo wà?"

"Ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, àbúrò mi. Ẹ yára."

"Wọ́n ń lù mí o. Padà wá."

"Mi ò rí yín."

Igbe ikú jáde nínú ẹ̀rọ. "Ó dùn mí," ni Láoyè wí, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n lù. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa dìde, wọ́n ti ń pe ìrun.

Alhaja dé, ó nu awò ojú rẹ̀, ó ní àbúrò lòun máa ṣe. "Mi ò ta irú eléyìí rí. Ẹ má sáré fún mi."

Láoyè mú ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ara kò tètè gbàgbé àṣà: ó ti sáré lọ. Bó ṣe dé etí ojú ẹ̀rọ, gbì, ẹ̀gbọ́n forí sọ ògiri tí kò hàn. Ó tún sáré, ó tún forí sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ògiri náà síbẹ̀: kò sẹ́ni tó lè kúrò lójú ẹ̀rọ àyàfi bí ẹnìkejì bá dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibo lò ń lọ? Wọ́n ń pa mí níbí."

"Mò ń bọ̀, mà."

Ó padà, wọ́n jọ lu àwọn jàgùdà náà, ọ̀nà sì ṣí. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. "Ó fẹ́ sá fi mí sílẹ̀, ògiri dá a padà. Irú ògiri yẹn ni mo ti ń wá fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ gbé e wá lọ́la."

Tóún mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Àpótí onípákó náà ló wà ní àyè tó ṣẹ́kù lọ́hùn-ún báyìí, méjì méjì làwọn èèyàn sì ń tò síwájú rẹ̀. Alhaja gbé ọ̀rọ̀ ògiri náà délé, ó ń fi í parí ìjà tọkọtaya, títí àwọn àgbà àdúgbò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n wá ń sọ fún ẹni tó bá ń dá sáré pé: ẹni tó bá sáré fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ògiri ni yóò forí sọ.