Fáànù Òkè Ibùsùn Ìbídùn

"Fáànù tó dúró kò kú, iná ló ń dúró dè." Bí ẹ bá ti gbé ní Ìdí-Ìyeyè fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín? Àwọn kan ní ẹnu àwọn oníṣẹ́ iná ló ti jáde. Irọ́ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n tìfuntẹ̀dọ̀.

Adéọtí tó ń ránṣọ àti Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, Ìbídùn, ẹni ọdún méje. Nígbà tí orúnkún ìyá Gbádébọ̀ kò jẹ́ kó lè dá gbé mọ́, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Yàrá ọmọ ni yóò sùn, yàrá náà kò sì fẹ̀. Bí àlejò méjì bá jókòó níbẹ̀, orúnkún wọn á máa kan ara wọn. Bí ibùsùn ìyá àgbà bá wọlé, ilẹ̀ tán. Ni wọ́n bá ní àwọn yóò gbé ibùsùn ọmọ sókè.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Adéọtí kò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ má bínú, obìnrin tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ tútù ni. Lámídì káfíńtà fi àwòrán ibùsùn mẹ́ta hàn án lórí fóònù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ alájà méjì, kí ọmọ wà lókè, kí àgbà wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà, tó ti dé nígbà náà, ní òun kò ní sùn sábẹ́ ọmọdé bí ẹrù. Èkejì máa ń ká mọ́ ògiri. Adéọtí wò ó, ó ní rárá. Bó bá ká mọ́ ọmọ ńkọ́? Ẹ̀kẹta ni ibùsùn kan tó ga lórí òpó mẹ́rin, tí àpótí aṣọ àti tábìlì ìwé lè wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n mú.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Lámídì wá wọn yàrá, Adéọtí dúró tì í gbọn-in.

"Bọ̀ọ̀dá Lámídì, tó bá yí lójú oorun ńkọ́?"

"Màá fi igi dábùú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

"Àkàbà ńkọ́? Tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀?"

"Ìyá Ìbídùn, èmi tí mo sanra báyìí lè gun àkàbà tí mo bá kàn. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìyá àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Èyí tó lápá mẹ́ta yẹn ńkọ́? Kò ní sún mọ́ ọmọ jù?"

"Fáànù ni, Màámi," ni Adéọtí dáhùn. "Ó ti kú."

Bí àwa ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Iná kú, rédíò kú, fáànù kú. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó láti oṣù mẹ́rin, aláǹtakùn sì ti kọ́lé sára fáànù náà. Lámídì wọn àjà, kò wọn fáànù. Bẹ́ẹ̀ sì ni súìṣì rẹ̀ wà ní títàn, nítorí a kì í pa á ládùúgbò wa, kí a lè mọ̀ bí iná bá dé.

Ibùsùn dé lọ́jọ́ Ẹtì. Adéọtí mi òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ́ ẹní àti ìrọ̀rí sílẹ̀ yí i ká, bí ọmọ bá já bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń rẹ́ ilá ní ìdáná. Ìbídùn ń kàwé lókè, ìyá àgbà na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn tirẹ̀ lódìkejì. Ni gbogbo àdúgbò bá hó yèè: "Iná dé o! Iná dé!"

Ta ni kì í hó? Èmi náà hó. Adéọtí hó tọ̀bẹtọ̀bẹ. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá, "Iná dé!", ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí Ìbídùn ṣe máa ń hó. Yóò dìde, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò máa fò. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí igi kán gbà, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ìbídùn!"

Ó sáré. Láti ìdáná dé yàrá kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun kò rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá àgbà ló bá lórí ìdúró, obìnrin tí kò tíì dá dìde láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ti ki ọ̀pá rẹ̀ bọ àárín apá fáànù kí fáànù náà tó gbéra sáré. Ọ̀pá ti kán, apá fáànù kan ti wọ́, fáànù náà ń gbọ̀n, kò lè yí. Ìbídùn dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó fi ìrọ̀rí bo orí, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè fọhùn. Adéọtí pa súìṣì, ó gun àkàbà, ó tú irun ọmọ náà wò, ó ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ìgbà náà ló tó bú sẹ́kún.

"Ìyá Ìbídùn," ni ìyá àgbà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "o ní ó ti kú. Fáànù tó dúró kò kú o. Iná ló ń dúró dè."

Wọ́n tú fáànù náà lọ́jọ́ kejì, ibùsùn ṣì wà níbẹ̀, òwe sì tàn ká àdúgbò. Bí ẹnìkan bá ń fi ohun tó dákẹ́ pe ohun tó ti tán, ìbáà ṣe ìjà àná, ìbáà ṣe àìsàn tó rọlẹ̀, àwọn àgbà wa á ní, "Fáànù tó dúró kò kú, iná ló ń dúró dè," kí olúwa rẹ̀ lè tètè wá súìṣì lọ, kó pa á. Ní ti Adéọtí, títí dòní, bí iná bá dé tí gbogbo wa ń hó, òun kì í bá wa hó. Ó máa ń kọ́kọ́ wòkè ná.