Ohun Tí Pẹ́pẹ́yẹ Ń Wá Nínú Omi

Nígbà láéláé, orí pẹ́pẹ́yẹ kì í kan omi. Tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, ṣe ni yóò na ọrùn gangan bí ìyàwó tuntun. Kò sí ẹni tó rí orí rẹ̀ tó tutù rí.

Ìlú Mọ́sífọ́ọ̀dù ló ń gbé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń gé èèyàn létí. Ahunṣọ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹgbẹ́ tálákà. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Bàbá Wílífù tó ń tọ́jú pápá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi awọ màlúù rán an. Etí odò sì ni pápá wà. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ní àgbájù, omi ló gbá a sí.

Ta ló ń bá wọn mú un? Pẹ́pẹ́yẹ ni. Kí awọ náà tó mumi yó, á ti fi àyà tì í dé etídò.

"Bàbá, ẹ gba ọmọ yín."

"O ṣé, obìnrin bí ọkùnrin. Wá jẹun."

Àdéhùn wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé tíì àti páì ẹran jáde ní ìdajì eré, Pẹ́pẹ́yẹ ló ń kọ́kọ́ jẹ, kí balógun ẹgbẹ́ pàápàá tó fọwọ́ kàn án.

Ayé dùn nígbà náà. Kùrukùru á bo pápá, wọ́n á máa gbá ara wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí àlejò gbá mẹ́fà sáwọ̀n wọn, orin ni wọ́n á fi lọ sílé.

Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Bí wọ́n bá borí níbẹ̀, wọ́n á gòkè lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Kọ́sígíréèfù, alága ẹgbẹ́, dé fìlà tuntun, ó pe àwọn ọlọ́lá. Ní ìdajì eré, Pẹ́pẹ́yẹ wọ yàrá tí àwọn ọlọ́lá wà, ó wá jẹ páì rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹlẹ́sẹ̀ pẹrẹsẹ yìí wá tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wa?" ni Alága wí. "Ẹ lé e síta!"

"Alága, ẹgbẹ́ yìí ni èmi náà wà."

"Ìwọ wo? Ẹran ọbẹ̀!"

Àwọn ọlọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Wílífù ń wo bàtà rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Èyí gan-an ló dun Pẹ́pẹ́yẹ jù. Ó padà sódò, ó ní, "Ẹni tí wọ́n lé nídìí àwo, kí wọ́n má rán an níṣẹ́ mọ́."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, kò tíì sẹ́ni tó borí. Ni ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù, ó kọjá lórí òpó, ó di inú odò. Onílé ló ń pèsè bọ́ọ̀lù, àlejò kò mú òmíràn wá.

"Pẹ́pẹ́yẹ o!" Gbogbo pápá ń pariwo. Alága ṣí fìlà. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹran ọbẹ̀ kì í gbé bọ́ọ̀lù."

Bọ́ọ̀lù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ni Bàbá Wílífù bá wọ odò tòun ti bàtà, omi dé e ní orúnkún. Ó ń sunkún. "Mo lẹ́nu, mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ọkàn Pẹ́pẹ́yẹ yọ́. Ó sáré sí bọ́ọ̀lù, àmọ́ awọ ti mumi yó. Ìṣojú rẹ̀ ló ṣe rì. Ó ki orí bọ omi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹrẹ̀ nìkan ló rí. Rẹfirí fọn fèrè, eré parí, ẹgbẹ́ mìíràn gòkè.

Bàbá Wílífù gbé páì wá sétídò. "Wá jẹun."

"Ó di ìgbà tí mo bá rí i, Bàbá."

Bàbá ti kú tipẹ́, ilé ìhunṣọ ti di ahoro. Mọ́sífọ́ọ̀dù kò kúrò nísàlẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ páì níbẹ̀ láìkọ́kọ́ ju díẹ̀ sómi.

Láti ọjọ́ náà ni pẹ́pẹ́yẹ ti ń ki orí bọ omi, tí ìdí rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Bọ́ọ̀lù Bàbá Wílífù ló ń wá. Tó bá yọrí síta, wò ó dáadáa: á mi orí. Kò tíì rí i.