Iyàrá Ìkúnlẹ̀ Olorì Alísíndà

Kí ni èmi mọ̀? Ẹni tí kò rìn jìnnà kọjá ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ìyàwó ọba òyìnbó? Ṣùgbọ́n bí gbogbo aláìmọ̀kan bá pa ẹnu mọ́, ta ni yóò kù tí yóò máa sọ̀rọ̀ láyé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí n kò mọ̀.

Láyé àtijọ́, ní apá ilẹ̀ òyìnbó kan tí yìnyín ti máa ń bo òrùlé, ọba ńlá kan wà tó ń jẹ́ Ránúfù. Àìmọye ọba kéékèèké ló ń wárí fún un, ṣùgbọ́n bí Gúndúlà, ìyá rẹ̀, bá wúkọ́ lásán, ọba ńlá á ti dìde dúró.

Alísíndà ni olorì rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e níyàwó, láti ìlú ìhà gúúsù tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, tí wọ́n ń fi òkúta kọ́lé, tí fèrèsé wọn sì fẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè gbabẹ̀ wọlé wá kí onílé. Lọ́jọ́ tó dé ààfin ọkọ, ó bi Ọ̀dà, olùtọ́jú tó bá a ti ilé wá, léèrè pé, "Ṣé ibí ni wọ́n ń so ẹṣin mọ́?"

Ọ̀dà ní, "Ẹ rọra sọ ọ́, Olorì. Ààfin ni."

Pákó ni ògiri ààfin ọ̀hún, koríko ni òrùlé rẹ̀, kò sì sí ibi tí èéfín lè gbà jáde àyàfi ihò tí eku lu. Tòwúrọ̀ talẹ́ ni òrùlé náà ń rú túú bí àgbàlagbà tó ń fa ìkòkò tábà. Omi kì í gbẹ lójú àwọn ìjòyè níwájú ọba. Àlejò a rò pé ìfẹ́ ọba ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Èéfín ni.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló ń ba Alísíndà lẹ́rù. Iyàrá ìkúnlẹ̀ ni. Àṣà ilé náà ni pé bí oyún olorì bá ti wọ oṣù kẹjọ, wọn á mú un wọ iyàrá kan láàárín ààfin. Wọn á fi aṣọ tó nípọn bo ògiri yíká, wọn á fi òwú dí ihò kọ́kọ́rọ́, wọn á sì dáná igi tútù sínú rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé atẹ́gùn ni ikú ń gùn wọlé wá bá ọmọ tuntun. Olorì kò ní jáde mọ́ títí yóò fi bímọ. Ìyàwó méjì ni Ránúfù ti fẹ́ ṣáájú Alísíndà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn méjèèjì fi rìn wọ ibẹ̀. Inú pósí ni wọ́n bá jáde.

Nígbà tí oṣù kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Alísíndà kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bímọ síbi tí atẹ́gùn wà. Ilé ọlọ tó wà létí odò, níbi tí omi ti ń yí ọlọ, pàápàá tó mi."

Ọba wòkè, ó wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Àbí o ti bá Ìyá sọ ọ́?"

"Ṣé Ìyá ló fún mi lóyún ni?"

"Má jẹ́ kó gbọ́ o!" Akọni tó ti ṣẹ́gun ìlú rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Alísíndà rí i pé ọkọ òun kò wúlò níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba ọ̀dọ̀ Gúndúlà lọ, ó bá a níbi tó ti ń ran òwú.

"Ìyá, ẹ gbà mí."

"Lọ́wọ́ ta ni? Ọmọ márùn-ún ni èmi bí sínú iyàrá yẹn. Ìyá ọkọ mi náà bímọ síbẹ̀. Ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe ikùn tìrẹ ni?"

"Nínú àwọn márààrún, Ìyá, ta ni mo tíì rí yàtọ̀ sí Kábíyèsí?"

Òwú já lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ó wá orí òwú náà títí, kò tètè rí i mú.

"Jáde," ló wí níkẹyìn. "Ọjọ́ Ìsinmi lo ń wọlé."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi pé, gbogbo ará ààfin sin olorì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti gbàdúrà kó tó wọ iyàrá, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbélé, ìbáà ṣe ẹ̀ṣọ́, ìbáà ṣe alásè. Ìyá Ọba nìkan ló pẹ́ dé. Ó ní orúnkún ló ń dun òun. Alísíndà bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sí Ọ̀dà lọ́wọ́. "Bí n kò bá jáde, bá mi fún ìyá mi." Ọ̀dà so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà, ó gbàdúrà, àfi bí ẹni pé ó gbàgbé ibi tí Àmín wà.

Lódìkejì odò, àgbẹ̀ kan gbójú sókè níbi tó ti ń jẹun. "Ìyàwó, ilé ọba mà ń rú èéfín o!"

"Ọjọ́ wo ni kì í rú u? Jẹun rẹ, jọ̀ọ́."

Bí gbogbo ìlú ti wí nìyẹn. Wọ́n ti rí èéfín ilé náà títí tí kò fi jọ wọ́n lójú mọ́. Nígbà tí àlùfáà yóò fi rí Àmín rẹ̀, eérú ló kù.

Ọba ṣubú lulẹ̀. "Ilé baba mi! Ilé baba ńlá mi!" Àwọn ìjòyè bú sẹ́kún, ti òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ka ènìyàn, ẹnì kankan kò sọnù. Alísíndà ń fojú wá ibi tí iyàrá ìkúnlẹ̀ wà, ojú ọ̀run gbayawu ló rí.

"Ọ̀dà, ṣé kò sí mọ́?"

"Kò sí mọ́, Olorì mi. Pákó rẹ̀ kan kò ṣẹ́kù. Ẹ gba òrùka yín o jàre."

Olorì jókòó sórí yìnyín, ó fa ìborùn bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe o, ẹ bá wa rẹ Olorì lẹ́kún." Ọ̀dà nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti rí i pé àpótí Ìyá Ọba wà lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, tòun ti ibùsùn, ìrọ̀rí, àti ológbò rẹ̀ nínú agbọ̀n.

"Ìyá," ni ọba wí, "ta ló gbé ìwọ̀nyí jáde?"

"Ọlọ́run ni. Ṣé o fẹ́ pè É lẹ́jọ́ ni?" Ìyá àgbà yíjú sí Alísíndà. "Ìwọ náà, kí lo jókòó sínú òtútù ń ṣe? Ṣebí wọ́n ní fèrèsé wà nílé ọlọ. Dìde, ká máa lọ."

Ilé ọlọ ni Alísíndà bímọ sí, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Ọmọbìnrin ni, igbe rẹ̀ sì bo ariwo ọlọ mọ́lẹ̀. Gúndúlà ló kọ́kọ́ gbé e. Ó gbọ́ igbe náà títí, kò jẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́. Ránúfù ránṣẹ́ sí ìlú àna rẹ̀, àwọn mọlémọlé wá, wọ́n fi òkúta funfun kọ́ ààfin tuntun, ó ní fèrèsé gbàǹgbà, ó ní ihò èéfín. Wọ́n ń ti ìlú òkèèrè wá wò ó. Àgbẹ̀ òdìkejì odò náà wá, ó lanu sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ká ní mo sáré lọ pa iná yẹn lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, tí kì í kọ ọgbọ́n níbi yòówù kó ti wá, fi ń pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ta ló sọ iná sí i?