Ìkíni Tí Koríko Kí Ọba Yìnyín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ta ni òtútù ń mú?

Kó sún mọ́ iná!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó ṣubú lu Igi, ó ṣubú lu Koríko, ó ṣubú lu Ehoro abiyamọ.

Ìpẹ̀kun ayé ni wọ́n jọ ń gbé, níbi tí òtútù pọ̀ sí. Igi ga. Koríko náà ga nígbà náà, ó dé ìbàdí èèyàn. Ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Koríko ló ń jẹ kí ọmú rẹ̀ tó ní wàrà.

Ìròyìn dé pé Ọba Yìnyín ń bọ̀. Ibi tó bá gbà kọjá, nǹkan kan kì í hù níbẹ̀ mọ́.

Ehoro bú sẹ́kún. "Yéè! Bàbá Koríko, bí ẹ bá kú, kí làwọn ọmọ mi á mu?"

"Fọkàn balẹ̀, ìyá ìkókó."

Yìnyín dé. "Ẹ kí mi!"

Igi ní, "Ẹ̀yìn tèmi kì í tẹ̀. Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn."

Yìnyín fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ewé rẹ̀ já bọ́. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ka rẹ̀ ṣẹ́. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, Igi wó, gbìì! Agídí rẹ̀ náà pọ̀ jù.

Koríko dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ehoro kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá sẹ́yìn Koríko. Yìnyín gbọ́wọ́ sókè, àmọ́ ta ló ń lu ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ń kí i?

"Kábíyèsí! Ẹ kú òtútù! Ẹ kú ìrìn!"

"Ó tó. Dìde."

"Mi ò tíì kí yín tán! Ẹ kú ìdúró! Olorì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Yìnyín wẹẹrẹ tẹ́ ẹ fi sílé ńkọ́?"

Inú ọba dùn. Ó jókòó. Koríko ń kí i, ó ń kí i, títí oòrùn fi yọ.

Tó! Tó! Tó!

"Kí ló ń kán lára mi?"

"Òógùn ni, Kábíyèsí! Ẹ kú òógùn!"

Yìnyín wo ara rẹ̀, ó ti kù bíńtín. Ó fò dìde, ó sá. "Mò ń bọ̀ wá gbọ́ ìyókù!"

Ehoro rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbirigbiri. "Bàbá, ẹ dìde, ó ti lọ."

"Ìwọ ò gbọ́ pé ó ń bọ̀ ni? Mi ò dìde o. Máa jẹun tìẹ, kó o fọ́mọ lọ́mú."

Ìdí nìyẹn tí koríko ilẹ̀ òtútù fi ń sùn mọ́lẹ̀ títí dòní, tí ehoro ibẹ̀ sì ń rí i jẹ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí òtútù mú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yìí! Ọdọọdún ni Yìnyín ń padà wá. Bó bá ti dé báyìí, Koríko á ní, "Kábíyèsí, ibo la bá a dé?"