Ẹ̀tù Ìsàlẹ̀ Agbè

Bí ìbọn bá bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú, ta ni ẹ̀yin máa kọ́kọ́ mú? Ẹlẹ́tù ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Òkè-Ìròkò ṣe.

Ọdẹ́níyì ni ọdẹ tí ó kú. Lọ́wọ́ Látúbọ̀sún, bàbá àjèjì kan tí ń gún ẹ̀tù ìbọn nílùú, ni ó ti ń rà á. Agbè kan ni ó máa ń rà, á gbé e kọ́ sí yàrá níbi tí iná kò dé. Ìwo kékeré ni ó fi ń wọ̀n ọ́n: ìwo kan, ìbọn kan. Ṣùgbọ́n lóṣù tí ó kú, ìbọn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni wúkọ́. Àgbọ̀nrín á gba ọta, á máa sá lọ. Ó bá sọ ọ́ di ìwo méjì.

Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ìwo kan ni mo mọ̀ o."

"Ẹ̀tù yìí ni kò lágbára."

Ìwo méjì bá a ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tí ó kan ìsàlẹ̀ agbè, ìbọn bẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, aṣọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, torí kò sí ojú níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ọdẹ fọ́ odó Látúbọ̀sún. Wọ́n ní bí oòrùn ọ̀la bá bá a nílùú, òun náà á gba ọta. Ọdẹ́gbàmí, àbúrò olóògbé, ọmọ ìyá kan náà, ni ó ń pariwo jù.

"Apànìyàn ni bàbá yìí. Kí la tún ń wò?"

Àṣàbí ní, "Àdúmáadán, ẹ rọra." Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

Látúbọ̀sún kò sunkún. Ó kọjú sí olórí àwọn ọdẹ, ó ní, "Olúọdẹ, ẹ má gbà mí gbọ́. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ bi."

Wọ́n bu ẹ̀tù ilé rẹ̀, ìwo kan, ìwo kan, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ki igi ìgbálẹ̀ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ níbi tí ó mọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà. Wọ́n bu ti ìsàlẹ̀ agbè olóògbé, òun náà bá wọn dọ́gba. Ó wá ku àdó kékeré tí olóògbé ti rọ ẹ̀tù òkè agbè sí nígbà tí agbè ṣì kún. Wọ́n yin ìyẹn náà, ihò rẹ̀ kò jìn ju èékánná lọ.

Olúọdẹ da ìyókù àdó sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tú u wò.

"Èédú lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí. Ẹnì kan bu ẹ̀tù òkè agbè, ó fi èédú dí i. Ìwo méjì èédú kò pa ẹnikẹ́ni. Ìwo méjì ẹ̀tù gidi tó bù nísàlẹ̀ ló bẹ́ ìbọn. Àṣàbí, ta ló ń dé ìdí agbè yẹn?"

Àṣàbí dìde, ó ní,

"Obìnrin kì í fọwọ́ kan ẹ̀tù nílé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọkọ mi ń rán kó lọ bù ú wá. Oṣù yìí, ìbọn onítọ̀hún ń dún gbàmù, bẹ́ẹ̀ ni kò ra ẹ̀tù. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọlé yìí, Àdúmáadán ni mò ń pè é. Lónìí, màá pe orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ni."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.