Eégbọn Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àgbà tó bá fẹ́ gbọ́, kó jẹ́ kí ẹnu sinmi. Àlọ́ mi gba inú oko kọjá, kò ká ilá; ó gba etídò kọjá, kò bu omi mu. Ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹran ọ̀sìn ló bà sí, ó bà lé Àgbébọ̀ adìẹ àti Àjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, Ajá, Ewúrẹ́, Àgùntàn àti Àgbébọ̀ jọ ń gbé nínú agbo ilé kan. Àgbébọ̀ yìí kì í ṣe ọmọdé. Ó ti kó ọmọ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àṣá ti gbé nínú wọn, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú kan sùn. Ẹnu rẹ̀ kì í dùn. Bí o bá kí i káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ kó tó dáhùn. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó sàba lé ẹyin mọ́kànlá lẹ́bàá ààrò. Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyẹn. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn ọmọ yọjú.

Òjò ọdún náà pọ̀. Koríko ga, eégbọn sì kún inú koríko. Gbogbo ẹran ń họra. Àjàpá ń kọjá lọ, ó rí Ajá tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, ó rí Ewúrẹ́ tó ń fi ara ha ògiri. Ó gba ọ̀nà ààtàn lọ, níbi tí igi lárà hù sí. Ẹ mọ hóró inú èso lárà. Ó ń dán, ó ní àmì tótòtó lára, ó ki rógódó bí eégbọn tó mu ẹ̀jẹ̀ yó. Àjàpá ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan, ó kó o sábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó dé, ó so ewé mọ́ ọrùn bí ẹni tó ń wo àìsàn.

"Ajá, ọ̀rẹ́ mi, kí ló ń ṣe ọ́ létí?"

"Ó ń yún mi ni."

"Ìyún lásán kọ́. Yí ẹ̀yìn sí mi, kí o dijú. Eégbọn tuntun kan ti dé láti òkè ọ̀hún. Bí ó bá fi lè rí ẹyinjú ẹni tó ń gbé e kiri, inú ojú yẹn ni yóò wọ̀."

Ajá dijú pinpin. Àjàpá tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo wá a létí, mo rí i,
*Wárawára, ẹ kúrò nílẹ̀.*
Mo wá a nírù, mo rí i,
*Wárawára, ẹ kúrò nílẹ̀.*
Ẹni bá jókòó tì í á gbẹ bí èèpo,
*Wárawára, ẹ kúrò nílẹ̀.*

Nígbà tí Ajá lajú, èso lárà ló wà lọ́wọ́ Àjàpá. Ajá ò mọ̀ pé èso lárà ni. Ta ló rí ẹ̀yìn etí ara rẹ̀ rí? Nǹkan tó ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò fojú kàn án rí. Jìnnìjìnnì bò ó.

Àjàpá ní, "Fi ibùsùn rẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, má mú un. Èmi ni n óò tún ibẹ̀ ṣe."

Ajá sá jáde, ó fi gbogbo egungun tó tọ́jú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ewúrẹ́ náà dijú, ó sì fi èèpo iṣu sílẹ̀. Àgùntàn ò tilẹ̀ jẹ́ kí orin parí kó tó fi eèrí ọkà bàbà rẹ̀ sílẹ̀. Inú òjò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àjàpá ń dán fún epo.

Àgbébọ̀ ń wò. Kò kúrò lórí ẹyin, ṣùgbọ́n ó ń wò. Ohun kan ò yé e.

"Ajá, ṣé wọn ò tíì yọ eégbọn ọ̀hún ni?"

"Wọ́n ti yọ ọ́, Ìyá."

"Kí lo wá ń họ?"

"Àjàpá ní ojú ibẹ̀ ló ń rántí."

"Ojú ibẹ̀ ń rántí. Ó dáa."

Ó tẹ ara rẹ̀ mọ́ ẹyin dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àjàpá yọ sí i lẹ́bàá ààrò. Ó ti jẹ egungun, ó ti jẹ èèpo, ó ti jẹ eèrí. Ẹyin ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

"Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ òórùn eégbọn nínú ìtẹ́ yín. Ẹ dìde."

"Yọ̀rọ̀ ló ń bá adìẹ jà nínú ìtẹ́," ni Àgbébọ̀ wí. "Ó kéré bí eruku, eruku tó ń rìn. Èmi sì ti fi eérú wẹ̀. Kí ni ìwọ ń rí?"

"Tuntun ni mò ń sọ."

"Bí mo bá dìde, ọjọ́ mélòó?"

"Méje, bíi ti gbogbo wọn."

"Ẹyin mi á tutù. Gbogbo ohun tó wà nínú wọn á kú."

"Kí ẹyin tutù sàn ju kí ìyá kú lọ."

"Ta ni yóò wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Èmi náà ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Àwọn tó kù ti péjọ. Ẹ̀rù ti sọ wọ́n di òǹrorò. Ewúrẹ́ ní, "Ìyá, èmi fi èèpo iṣu sílẹ̀. Kí ló mú tiyín yàtọ̀? Ẹ má kó o ràn wá." Ajá yọ eyín. Ó ní bí Ìyá ò bá dìde, òun á fẹnu gbé e kúrò lórí ìtẹ́. Kò fi ṣeré.

Àgbébọ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin mọ́kànlá ń gbóná lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan nínú wọn.

"N óò dìde," ló wí. "Ṣùgbọ́n kó yọ ọ̀kan lára mi níṣojú gbogbo yín. N ò ní dijú."

"Á wọ ojú yín," ni Àjàpá wí.

"Ojú mi ni. Méjì ni mo ní."

Àjàpá sún sẹ́yìn. Àgbébọ̀ ò jẹ́ kó lọ. "Bó bá ṣòro, fi èyí tí o yọ létí Ajá hàn mí. Òkú rẹ̀ ò lè wọ ojú ẹnikẹ́ni."

Gbogbo wọn kọjú sí Àjàpá. Kò rí ọ̀nà àbáyọ. Ó na èso kan síwájú, ó sì fẹ́ yára fà á padà. Ọrùn adìẹ kì í kúrú nígbà tí inú bá ń bí i. Àgbébọ̀ fi ẹnu ṣá èso náà, kọ́! Èso ta sórí òkúta ààrò, ó fò padà.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún?" ni Àgbébọ̀ wí. "Èmi ni mò ń ṣa eégbọn lára màlúù àwọn darandaran látìgbà tí mo ti di òròmọ. Jíjẹ ni mò ń jẹ ẹ́. Eégbọn tó yó máa ń rọ̀. Bí ẹnu bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ á tú. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ó sì ń fi í jà. Àgùntàn, tẹ eléyìí."

Àgùntàn tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́. Inú rẹ̀ funfun, epo ló ń jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Ewúrẹ́, ìwọ tí kò sí ààtàn tí o kì í dé, gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ewúrẹ́ gbóòórùn. "Lárà ni. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kù díẹ̀ kó pa mí."

"Ajá, gbé etí wá síbí. N ò dìde."

Ajá wólẹ̀ síwájú ìtẹ́. Àgbébọ̀ fi ẹnu mú nǹkan kan mọ́lẹ̀ ní ìdí etí rẹ̀, ó rọra fà á, kí orí rẹ̀ má baà kù sínú awọ. Ó gbé e sílẹ̀. Ó rí bí eérú, ó wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ létí Ajá.

Ajá wò ó títí. "Ṣé òun nìyí?"

"Òun nìyí. Ojú ibẹ̀ ṣì ń rántí?"

"Rárá, Ìyá."

Nígbà tí Ajá máa gbójú sókè, Àjàpá ti ń lọ. Ó ń sáré, èso lárà ń dà lábẹ́ igbá rẹ̀, wọ́n ń ró pàrà, pàrà, pàrà. Ajá bá a níwájú ilé, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi àyà rẹ̀ kọ òkè. Ọjọ́ méje gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ lófuurufú, kí Yánníbo tó wá yí i padà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹjú mọ́ Àjàpá, orí rẹ̀ á wọlé.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mẹ́wàá yọjú lábẹ́ Àgbébọ̀. Ìkọkànlá jẹ́ òbu. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbi eérú.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí ẹnì kan bá ní kí o dijú kí òun tó wo ohun tó ń jẹ ọ́, la ojú rẹ sílẹ̀ kedere. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, ẹ máa fọwọ́ ara yín tú etí rẹ̀ wò, kí ẹ wo àárín ọmọ ìka rẹ̀, kí ẹ ka ẹsẹ̀ ohun tí ẹ bá rí. Bí irọ́ bá wà nínú àlọ́ yìí, kí ahọ́n mi kọ ata lọ́la.